Orúkọ Raimondo Lára Ògiri

Ọ̀dà tí Malinverno fi ń kun àwòrán kì í rùn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Titina Iovine lóminú nípa ọkùnrin náà nìyẹn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì pòórá ní ọ̀nà há wọn. Obìnrin tó ti ń dín zeppole, àkàrà oníyẹ̀fun wọn, nínú epo gbígbóná láti ìgbà ọmọge rẹ̀ mọ òórùn. Ní Sanità, ní ìlú Naples, kò sí ohun tí kì í ta òórùn: aṣọ tí wọ́n sá láti fèrèsé kan sí èkejì ń ta òórùn ọṣẹ, alùpùpù ń ta òórùn epo, ère Màríà Mímọ́ inú gíláàsì lára ògiri ń ta òórùn àbẹ́là, àwọn aládùúgbò náà sì ní tiwọn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá Malinverno, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù Titina, tí agolo ọ̀dà ṣíṣí kún inú rẹ̀, kò ta òórùn kankan. Bí èèyàn bá yọ imú wọlé, àfi bíi pé ó yọ ọ́ sínú ibojì tuntun tí wọn ò tíì gbé òkú sí.

Ó ní ìhà àríwá lòun ti wá. Kò dárúkọ ìlú. Ó ní àṣà àwọn ará gúúsù ló wu òun, òun sì fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ohun tó ń kùn kò ju pátákó orúkọ òpópónà lọ, irú èyí tí ìjọba ìlú ń fi òkúta funfun ṣe, tí wọ́n ń kàn mọ́ igun ilé. Á kun igi pẹlẹbẹ títí á fi dà bí òkúta, á wá fi ọsàn wẹ́wẹ́, ìkòkò kọfí, ata gígùn pupa àti ọwọ́ àwọn ẹni mímọ́ yí etí rẹ̀ ká. Ó dára. Titina gan-an gbà pé ó dára, ìyẹn náà sì tún ń kọ ọ́ lóminú. Èèyàn tó ti àríwá wá, tí kì í ṣàròyé ariwo, tí kì í ṣàròyé ìdọ̀tí, tó ń kí tọmọdé tàgbà, kí ló ń wá?

"Oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ló ń wá," ni Raimondo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, sọ, ó ń po ìyẹ̀fun lọ. "Ìwọ Titì, bí Jésù bá kó wá sí òdìkejì ọ̀nà, wàá bi í pé igi wo ló fi ṣe àgbélébùú ẹ̀."

"Màá bi í. Ṣebí káfíńtà ni. Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n."

Titina ló tọ́ Raimondo lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Raimondo ni gbogbo ẹni tó ní, bí Raimondo bá sì pẹ́ níta díẹ̀ lálẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pátákó tuntun kan wà lára ògiri Malinverno. VIA SABATO MELE ni wọ́n kọ sí i. Sabato Mele náà sì rèé, láàyè, tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ẹ̀rín pa gbogbo ọ̀nà há náà. "Sabato, wọ́n ti fún ẹ ní òpópónà! A ò tó ẹni tí ń bá ẹ ná ẹja mọ́ o, ọ̀gá wa!" Sabato náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó di irin ìwọ̀n rẹ̀ mú gírígírí, ó sì fi ọwọ́ kejì kan ibì kan lára rẹ̀ tí a ò ní dárúkọ, torí bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń lé àgbákò nìyẹn. Ó nídìí. Wọn kì í fi orúkọ aláàyè pe òpópónà nílẹ̀ wọn. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ kú ná, kó sì pẹ́ nínú ilẹ̀ dáadáa, kí ìjọba tó rántí pé ọmọlúàbí ni.

"Maestro, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" ni Sabato ké sí i.

"Ká má rí i, Don Sabato," ni Malinverno dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sabato pòórá.

Mafalda, ìyàwó rẹ̀, ló wá sọ bó ṣe rí fún Titina, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà. "Sìpàgẹ́tì ni mo sè, mo fi ìṣáwùrú sí i. Ó ti wé e mọ́ fọ́ọ̀kì. Ó kàn gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó dìde, aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Mo ní, níbo? Kò dáhùn. Titì, ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹja tó wà lórí yìnyín."

"Ṣé ẹ jà tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ìjà wo? Ti ojoojúmọ́ náà ni. Mo sọ fún un lálẹ́ àná pé ọwọ́ ẹ̀ ń rùn, kó máa lọ."

Àwọn ọlọ́pàá ní nǹkan báyìí máa ń ṣe ọkùnrin tọ́jọ́ orí ẹ̀ bá ti ń lọ. Wọ́n jẹ zeppole, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ.

Nígbà tí Titina kọjá lábẹ́ pátákó Sabato, ó na ọwọ́ kàn án. Òkúta ni. Kì í ṣe igi tí wọ́n kùn bí òkúta mọ́. Òkúta tútù ni, símẹ́ǹtì ti so ó mọ́ ògiri, èéfín tó jọ ti ọjọ́ pípẹ́ sì ti dú u létí. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Malinverno lójú méjèèjì. Kò rí i kó jẹun. Kò rí i kó ra omi. Bí àdúgbò bá pa rọ́rọ́, ọkùnrin náà á káwọ́ gbera, á jókòó. Bí ohùn bá sì lọ sókè nínú ilé kan, bí ọkọ àti aya tàbí ìyá àti ọmọ bá gbé e, á gbé orí sókè bí ẹni tí omi rẹ̀ ń hó lórí iná.

"Oṣó ni," ni Titina sọ.

"Ọ̀kùnrùn ló ṣe é," ni Raimondo sọ. Kò rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó ti ń gbé e mì láti àárọ̀. "Titì, èmi àti Ornella fẹ́ ṣègbéyàwó."

"Ẹ kú oríire. Yàrá òkè wà níbẹ̀."

"Salerno la máa gbé. Bàbá ẹ̀ ní ilé búrẹ́dì, ó fẹ́ kí n wá máa bá òun ṣe é."

Epo ń hó. Titina kò yí zeppole inú rẹ̀ padà. "Ta ló máa po ìyẹ̀fun?"

"O lè gba ẹnì kan."

"Mo ti gba ẹnì kan rí, nígbà tí kò tíì lè nu imú ara ẹ̀."

"Mo mọ̀, Titì. Ojúmọ́ kan ò mọ́ kó o má rán mi létí."

"Ó dáa, máa lọ!" Ó ju síbí tó fi ń dín nǹkan sílẹ̀. "Ta ló so ẹ́ mọ́lẹ̀? Via! Via, Raimondo Iovine, kí n má rí ẹ mọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ní òdìkejì ọ̀nà, ó gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì dún mọ́ etí ife omi.

Via. Òun ni wọ́n ń kọ sára ògiri fún òpópónà. Òun náà ni wọ́n fi ń lé ajá, lé ọmọ, lé ọkọ: kúrò níbí, máa lọ. Láti kékeré ni Titina ti ń kà á lára ògiri tó sì ń pariwo rẹ̀ lẹ́nu, kò so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì rí. Ó wá dúró síbẹ̀, èéfín epo ń lù ú lójú, ó tún orúkọ ẹlẹ́ja náà kà nínú ọkàn rẹ̀. Via, Sabato Mele. Kúrò níbí, Sabato Mele.

Ó sáré sọdá.

Pátákó náà wà lórí ìdúró rẹ̀, ọ̀dà ṣì tutù lára rẹ̀: VIA RAIMONDO IOVINE. Àwọn òdòdó ọsàn tó yí i ká rẹwà débi pé ojú ń ta èèyàn.

"Ẹ káàbọ̀, Donna Titina."

"Nu ún kúrò."

"Èmi kọ́," ni Malinverno dáhùn, bí ẹni pé ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Akọ̀wé lásán lèmi. Àwọn èèyàn á sọ tán, wọ́n á ní inú ló bí àwọn."

Titina bojú wẹ̀yìn. Raimondo ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹ̀fun funfun ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, aṣọ ìdáná ṣì wà níwájú rẹ̀, ó ń gòkè ọ̀nà há náà lọ láìyára, láìdúró. Ó pè é. Ó fi orúkọ tí ìyá wọn ń pè é pè é. Raimondo kò wẹ̀yìn. Àwọn tó jókòó síwájú ilé kí i, kò dá wọn lóhùn. Ó kù díẹ̀ kó dé òkè, níbi tí oòrùn ojú títì ti mọ́lẹ̀ kedere.

Titina já búrọ́ọ̀ṣì gbà. Ó fi èékánná ha A kúrò nínú VIA, ó sì kọ C àti O sípò rẹ̀. VICO. Bí wọ́n ṣe ń pe irú ọ̀nà há tí wọ́n ń gbé nìyẹn. Kò ní ìtumọ̀ kejì, kò sẹ́ni tó ń fi í lé ẹnikẹ́ni.

Lókè lọ́hùn-ún, Raimondo dúró bí ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀kùn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Titì!" ló pariwo. "Kí ni mo wá ṣe níbí?"

Titina jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn agolo ọ̀dà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Malinverno tẹ̀ síwájú, ó wo pátákó náà fínnífínní.

"Ẹ mọ̀wé kọ. Àmọ́ àkísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀ yẹn."

"Àkísà wo?"

"Ẹ ò bá ti nu gbogbo orúkọ náà kúrò. Ì bá di òmìnira. Bó wù ú á lọ, bó wù ú á dúró. Èyí tí ẹ kọ yìí, ibi tó máa wà títí ni ẹ kọ."

"Mi ò ráyè ronú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Malinverno wí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó gbà á gbọ́. "Òkúta ló máa jẹ́ fún gbogbo ayé. Fún ọwọ́ yín nìkan, ọ̀dà tútù ni títí láé. Ìgbà tó bá wù yín, ẹ nu ún."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé pátákó náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà há náà, ó sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó rí i níbi tó ti ń gbé ẹrù jáde.

Lọ́jọ́ Sunday, Raimondo wọ ẹ̀wù tuntun láti lọ sí Salerno. Ó fẹnu ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gba òkè jáde. Titina kò tíì sé ilẹ̀kùn tán tó fi rí i tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ṣì ń tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ibo ni mo gbà?" ló bi í, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún lọ. Ó gba ìsàlẹ̀ jáde, ó gba òkè wọlé. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹ̀wù tuntun náà ti rin gbindin fún òógùn, ẹ̀rín sì ti tán. Ó pe Ornella lórí fóònù. Ornella gbé e. "Ẹ̀ẹ̀lóò? Ta ni?" ló ń sọ ṣáá, bí Raimondo ṣe ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ tó.

Àwọn ará ọ̀nà há ń rí i, wọ́n sì ń bá a ṣàwàdà. Àwọn oníbàárà tó wá láti òde kì í kí i mọ́. Ọ̀kan fọwọ́ lé Titina léjìká, ó ní kí Ọlọ́run tù ú nínú. Titina dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ lẹ́tà O yẹn," ni Raimondo sọ lọ́jọ́ kan, tó dúró lábẹ́ pátákó náà. "Bó o ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ó máa ń ṣubú sápá òsì. Titì, kí lo ṣe fún mi?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tilẹ̀ rẹ àkísà sómi, ó gun àga, ó fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Ọ̀dà dúdú yí i níka, ó tutù bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ronú kan tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, àti àga kejì tó wà níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Àga yìí ò dúró dáadáa," ló wí. "Ó di ọ̀la."

Ọ̀la pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ kan nínú wọn ni Ornella dé, aṣọ dúdú lọ́rùn, òdòdó funfun lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà há náà ló dúró sí. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta náà, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé òdòdó náà sí ìdí ògiri.

Raimondo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pè é, ó di apá rẹ̀ mú. Ornella fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí.

"Titì!" ni Raimondo kígbe. "Àkísà wà lọ́wọ́ ẹ. Nu ún! Mo fi ìyá wa bẹ̀ ẹ́. Màá máa wá wò ẹ́ lọ́jọ́ Sunday gbogbo, mo búra."

Àkísà náà wà lọ́wọ́ Titina lóòótọ́. Tábìlì ló ń nù lọ́wọ́. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n wà.

"Donna Titina," ni Ornella wí, omijé ti bo ojú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Orúkọ ẹ̀ lára ògiri ni mo fi mọ̀. Mi ò wá bá yín jà. Ohun kan péré ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó jìyà?"

Titina wo àbúrò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni Raimondo ń wò.

Titina fún omi inú àkísà náà dànù, ó ká a, ó tì í bọ àpò aṣọ ìdáná rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi," ló wí. "Kò jìyà rárá."