Ohun Tí Onídìrí Rí Lọ́rùn Tuntun

Òòyà náà tún kún fún irun. Tuntun yára fi ìka ká a jọ, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó tún já?"

"Kò já. Mo kàn ń yà á ni."

"Bí wọ́n ṣe ń yarun nìyẹn? O ti fẹ́ẹ̀ yà á dànù tán!"

Tuntun kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláwò ojú ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń yí ni irun orí rẹ̀ ń yí padà. Láàárín oṣù méjì, ó ti di irun wẹ́wẹ́ tó gùn dé ìdí, ó ti tú u. Ó ti na irun náà, ó ti pa á láró pupa, ó sì ti de wíìgì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ṣe ọ̀kan lónìí, títí ọ̀túnla ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yún un láti tú u.

Tẹ́lẹ̀, oge ló ń fi ṣe. Ní báyìí, ó ń fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Awọ orí rẹ̀ ti ń hàn níwájú, ó sì ń hàn sí i lójoojúmọ́.

Kì í sì í ṣe orí nìkan. Oorun ò kùn ún mọ́. Ooru ń mú un níbi tí àwọn tó kù ti ń wá aṣọ bora. Ó ń jẹun ẹni méjì, síbẹ̀ gbogbo aṣọ rẹ̀ ti di gbàgẹ̀rẹ̀ sí i lára.

"Oúnjẹ tó ò ń jẹ yìí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ta lẹ jọ ń jẹ ẹ́?"

"Ìrònú ni, jàre." Kó tó sọ ọ́ tán, á ti dìde, á ti máa gbá ilẹ̀ tó gbá láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló ra ìpara kan fún un lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, nínú ike tí kò ní orúkọ lára. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni irun á fi kún. Ọjọ́ kẹrin ni orí Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé wọ́n da ata sí i, ó sì bó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń de bóòtù kékeré mọ́ apá awò ojú bàbá arúgbó kan. Bóòtù náà kò ju hóró iyanrìn lọ. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá rẹ̀ gbójú sókè.

"Kí ló ń lé ẹ?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi! Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Tuntun ò jágbe mọ́ ọ̀gá rẹ̀ rí láyé. Ọ̀gá gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sinmi nílé.

Kò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ onídìrí tó ti ń bá a dirun láti ìgbà tó wà nílé ìwé ló gbà lọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi di í wẹ́wẹ́, kó le dáadáa, kó bo iwájú."

"Ẹ káàsán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ o."

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú."

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó ní kó gbé orí sẹ́yìn sínú bésìn kí òun fọ irun náà. Bó ṣe ń bomi sí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Gbé itọ́ mì."

"Kí lẹ wí?"

"Gbé itọ́ mì, kí n rí nǹkan."

Tuntun gbé e mì. Nǹkan kan gbéra sókè níwájú ọ̀fun rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó nípọn lọ́tùn-ún lósì.

"Ìgbà wo lọrùn ẹ ti wú báyìí?"

"Àǹtí, irun ni mo gbé wá fún yín o, kì í ṣe ọrùn."

Onídìrí da omi bésìn nù. Ó nu orí rẹ̀, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì tẹ́ ewé ìwé kan lé ẹ̀yìn ìka rẹ̀. Fáànù ò ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ ìwé náà ń gbọ̀n yẹ̀rìyẹ̀rì.

"Nǹkan oṣù ẹ ńkọ́?"

"Kì í wá déédéé mọ́," Tuntun fohùn jẹ́jẹ́ sọ.

"Mi ò ní di irun yìí. Bí mo bá fà á, ìwọ̀nba tó kù á bá ọwọ́ mi wá. Ilé ìwòsàn ni kó o lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kó àwa onídìrí jọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwa là ń rí orí àti ọrùn èèyàn jù. Ohun tí wọ́n fi hàn wá nínú àwòrán ni mò ń wò yìí."

"Ṣé aláìsàn lẹ wá ń pè mí?"

Tuntun we gèlè lé irun tútù, ó bínú jáde. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí mìíràn níwájú, ọmọbìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í di í fún un.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ń mì jù."

Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òógùn bò ó. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bíi pé ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn láti inú. Kí wọ́n tó di í dé àárín, ó ti dìde, ó ti bọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fara ti ògiri lójú ọ̀nà kó tó lè mí dáadáa. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á gan-an.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ onídìrí, ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ dì, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró ṣánṣán. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé "mo sọ fún ẹ." Ó bẹ oníbàárà tó wà lórí àga pé kó ní sùúrù, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, òun àti Tuntun sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ka bí ọkàn Tuntun ṣe ń lù, ó yẹ ojú àti ọrùn rẹ̀ wò, ó sì gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, Tuntun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ gbà á.

"Irú gẹ̀gẹ̀ kan ni," dókítà sọ.

"Gẹ̀gẹ̀ kẹ̀!" ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ṣebí gẹ̀gẹ̀ máa ń tóbi ni?"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, mà. Nǹkan kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo wa tó ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Ìyẹn ló fà á tí ọkàn fi ń sáré, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tó ń rù, tí irun ń já. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè ba ọkàn jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Mo wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Irun mi ńkọ́?" Tuntun béèrè.

"Á hù, ṣùgbọ́n ó máa gba oṣù díẹ̀. Lo oògùn yìí lójoojúmọ́, má dá a dúró torí pé ara ti yá. Bí ọ̀fun bá ń dùn ẹ́ tàbí ibà dé, wá síbí lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí oògùn náà lè ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ní ìjàǹbá. Bó o bá sì fẹ́ lóyún, kọ́kọ́ wá bá wa sọ̀rọ̀."

Kò rọrùn. Onídìrí gé ìyókù irun náà mọ́lẹ̀, Tuntun sì ń sá fún jígí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lóṣù kẹta, ó sun oorun àsùnmọ́jú. Lóṣù karùn-ún, irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó ṣì ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì ṣì ń lo oògùn. Onídìrí ní tó bá kún tó, òun á di í fún un, ṣùgbọ́n òun ò ní fà á le.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kì í ṣe gbogbo irun tó ń já ló jẹ́ ti gẹ̀gẹ̀. Dídì tó le jù lè fà á, kẹ́míkà lè fà á, ibímọ náà sì lè fà á. Ṣùgbọ́n bí irun rẹ bá ń já, tó o tún ń rù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ò ń jẹun dáadáa, tí àyà rẹ ń sáré, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, tí oorun kò sì wá, má ṣe máa fi wíìgì bò ó, má sì ra ìpara tí o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ, kí o ní kí wọ́n yẹ ọrùn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ bá rí pa mọ́ fún oníbàárà yín, bó tilẹ̀ máa bínú. Ìwọ tí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún, bínú tó o bá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n rí i pé o lọ.