Ẹja Moríkẹ́ àti Èédú Tí Kò Rú Èéfín

Bí ìjà bá ń wù yín jà, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ mi Moríkẹ́ pé ẹja rẹ̀ kò gbẹ. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilé rẹ̀ ní Abereke, tó wá gba yàrá sí àdúgbò wa ní Igbókọ̀dá, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ tó mú un jẹ.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀ bíi pé ó fẹ́ gbé wa lọ. Mo yà sí yàrá rẹ̀. Fèrèsé gíláàsì wà ní títì. Àdògán èédú wà láàárín ilé, ẹja wà lórí rẹ̀. Rhoda, ọmọ ọdún mẹ́ta tí Veronica ọmọ Moríkẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Nọ́wè, ń sùn lórí ẹní.

"Ìyá Vero, iná nínú yàrá?"

"Ẹ̀yin ará òkè yìí! Kí lo mọ̀ nípa ẹja? Inú ilé ni mo ti ń yan án ní Abereke. Wò ó, èédú yìí kò tilẹ̀ rú èéfín!"

Mo jókòó tì í. Orí ti ń fọ́ mi díẹ̀, mo ní òjò ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ ni Veronica pè, ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù. Moríkẹ́ kọjú fóònù sí àdògán: "Ṣé irú èyí wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn?"

Obìnrin kan tó wé ìbòrí yọjú lẹ́yìn Veronica. Ó rí iná, ó figbe bọnu. A ò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá.

"Ṣé ẹja mi ló ń bú?" Moríkẹ́ ti ń so ìró le. "Ní kó wá tọ́ ọ wò!"

"Màmá, Hodan aládùúgbò mi ni! Ó ní ẹ ṣílẹ̀kùn! Rhoda dà?"

A pe Rhoda, kò dáhùn. Moríkẹ́ gbé e, ara ọmọ rọ jọwọlọ. Yéè! Mo ta ilẹ̀kùn ṣí, Moríkẹ́ gbé e sáré bọ́ sínú òjò, ìró ń já sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ilé ìwòsàn la forí lé. Nígbà tí Rhoda lajú, ó ní, "Màmá, ẹja mi dà?" A bú sẹ́kún, a tún ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Veronica tún pè, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Hodan fún wa: "A sá fún ogun ní Sòmálíà dé Nọ́wè. Òtútù fẹ́ pa wá, la bá dáná èédú sínú yàrá bí a ti ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú ilé wa lọ́hùn-ún. Ilé tibí tì pinpin. A dákú, àwọn aládùúgbò ló já ilẹ̀kùn kó wa jáde."

Moríkẹ́ mí kanlẹ̀. "Ilé pákó mi lórí omi náà, àárín pákó ni atẹ́gùn ń gbà. Mi ò mọ̀ pé òun ló ń ṣọ́ wa. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N ó fi ẹja ránṣẹ́ sí i, ìta gbangba ni n ó ti yan án."

Ẹ̀yin èèyàn wa, èédú tó ń jó ní afẹ́fẹ́ olóró tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má ṣe dáná èédú sínú yàrá, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nítòsí iná, ẹ jáde kíákíá, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹja tí kò gbẹ lónìí, a lè tún un yan lọ́la. Ọmọ ńkọ́?