Ẹni Tí Nusaybah Ń Kéwú Fún

Raudah da ìwé ìbéèrè tó kó dání sórí tábìlì, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ, sà! Ẹnì kan ní òun ní olólùfẹ́ méje lórí fóònù, àti pé ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní Mẹ́kà. Òmíràn ya orí ewúrẹ́ síbi tí mo ní kó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí."

Tíṣà Hámzàt, olùkọ́ wọn, rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló máa kọ àṣírí ìfẹ́ rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀? Wá ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ jókòó. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbà kí o tó lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Òfin ìwádìí nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Raudah wí. Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ etí lásán ló fi gbọ́ ọ.

Ìdíje ìwádìí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ilé-ìwé girama tó wà ní Ìlọrin, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló sì máa ṣe ìdájọ́. Àkòrí tí Raudah mú ni bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bá ẹni tí wọn kò rí rí dọ́rẹ̀ẹ́ lórí ayélujára. Ọmọ tó ti ń gba ipò kìíní láti kékeré ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ipò kejì. Bó ṣe délé wọn ní Adéwọlé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn tí ọgbọ́n burúkú kan fi sọ sí i lọ́kàn. Ó ṣí àkáǹtì tuntun sórí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí sí i, ó sì sọ ọ́ ní Abdulmateen, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ọmọbìnrin kan tó finú han ẹni tí kò rí rí.

Ọmọbìnrin wo? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nusaybah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló yàn. Ìyá Nusaybah kú lọ́dún tó kọjá, Raudah sì mọ̀ pé ọmọ náà dá nìkan wà. Torí ẹ̀ gan-an ló ṣe yàn án.

"Ìwádìí lásán ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Tó bá parí, màá sọ fún un, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín." Ẹ gbọ́ ẹ̀rín o!

Nusaybah kọ́kọ́ ń dáhùn ní ṣókí: "Mi ò mọ̀ yín o." Nígbà tó yá, ó ń béèrè bóyá Abdulmateen ti jẹun. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ohùn tó gùn gan-an. Raudah á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á kọ bó ṣe gùn tó sílẹ̀, á sì pa á. Kò gbọ́ ọ̀kankan parí. Lójú tirẹ̀, bí ohùn bá ṣe ń gùn sí i ni èsì ìwádìí òun ń dára sí i.

"Raudah, mo ti rí ẹnì kan tó ń gbọ́ mi," ni Nusaybah wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Ojú rẹ̀ ń dán. "Màá sọ fún ẹ tá a bá ṣe wòlímà mi tán."

Ọmọ náà ti ka Àlùkùránì parí, wòlímà sì ni ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kéwú bàbá rẹ̀. Òun ni wọ́n yàn pé kó ṣíwájú wọn kéwú lọ́jọ́ náà. Ojú ti Raudah díẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ó mu omi lé e.

Nígbà tí Tíṣà Hámzàt béèrè bóyá ẹni tó ń ṣèwádìí lé lórí gbà, Raudah ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ó gbà, sà."

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọkàn Raudah balẹ̀: ó ti yọ orúkọ Nusaybah kúrò, Nusaybah fúnra rẹ̀ sì ti ní òun kò ní lè wá nítorí ìgbáradì wòlímà. Ó ṣàlàyé fún àwọn adájọ́ bí òun ṣe di Abdulmateen, ó sì tan ohùn kan fún wọn gbọ́, èyí tí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ẹni tó ni ín.

"Abdulmateen, ṣé o wà ńbẹ̀? Ilé dá páropáro. Ìwọ nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀."

"Hẹ̀ẹ́ẹ̀!" Àwọn ọmọ ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Raudah náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àmọ́ ohùn náà kò dúró síbẹ̀.

"Màámi ló máa ń jókòó tì mí tí mo bá ń ka ẹ̀kọ́ mi. Látìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n kà á fún ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Súrátù Mariyam nínú Àlùkùránì. Kò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́. Ohùn tó ń kéwú fún gbogbo ilé-ìwé wọn láràárọ̀ Jímọ̀ ló jáde wẹ́rẹ́, ẹ̀rín sì dákẹ́ lójijì.

"Nusaybah nìyẹn!" ni Abdulwaris, ọmọ kíláàsì wọn, kígbe.

Ẹnì kan nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ojú sì yí síbẹ̀. Nusaybah dúró síbẹ̀. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi jẹ́ kó wá gbóríyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Raudah gbàgbé láti pa fóònù náà.

Obìnrin kan nínú àwọn adájọ́ béèrè pé, "Ṣé ọmọ náà mọ̀ pé ìwọ ni Abdulmateen?"

Raudah dorí kọ ilẹ̀.

"A jẹ́ pé ìwádìí kọ́ lo ṣe, ọmọ mi. Pàkúté lo dẹ fún ènìyàn." Wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Nusaybah ti lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ààfáà Abdulmumini, bàbá Nusaybah, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó sì ní Nusaybah kò ní ṣíwájú kéwú mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Raudah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ dákun, bàbá. Wàláhì, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kó ṣíwájú wọn."

"Òun kò mọ̀ pé ìwọ ni," ni Ààfáà wí, kò sì pariwo. "Lọ́kàn tirẹ̀, ọkùnrin ló ń kéwú fún. Gbogbo Ìlọrin ti gbọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìwọ, ẹni tó bá finú hàn ọ́ ti fi àmánà sí ọ lọ́wọ́, ohun ìpamọ́ tó yẹ kí o ṣọ́. O jẹ àmánà, Raudah."

Nusaybah ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Kò wojú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí," ni Raudah wí.

"Nínú gbogbo ohùn tí mo fi ránṣẹ́, èwo lo gbọ́ parí?"

Raudah kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Irọ́ ti sú u. "Kò sí."

Nusaybah mi orí. "Mo ti rò pé ẹnì kan ń gbọ́ mi ni." Ó kó aṣọ, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ wòlímà, Azeezah, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ló ṣíwájú. Nusaybah wà láàrin wọn nínú aṣọ funfun, ètè rẹ̀ kò mì. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ ní gbàgede ilé-ìwé.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ọkàn ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí a fi ń dán ọgbọ́n wò. Bó o bá purọ́ mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn, olè ni ọ́, ì báà jẹ́ fún ìwé tàbí fún ipò kìíní. Nígbà tó yá, Nusaybah sọ fún Raudah pé òun ti dárí jì í, òótọ́ ló sì sọ. Àmọ́ wọn kò jọ jókòó mọ́, wọn kò jọ jẹun mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á kí ara wọn, oníkálukú á sì máa lọ.