Àga Ókùdíẹ̀

Wọ́n bá Ókùdíẹ̀ nílẹ̀ nínú ilé tẹ́tẹ́. Àga aláṣọ rẹ̀ ti já mọ́ ọn nídìí, orí rẹ̀ sì ti fọ́ mọ́ igun àtẹ̀gùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí gbogbo ìgbà tó bá pàdánù ló máa ń pariwo pé, "Ó kù díẹ̀!" Wàyí o, ẹ̀mí gan-an ló kù díẹ̀ kó bọ́ lára rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ àgbàlagbà tí kì í kánjú. Ó dojú àga náà dé, ó fọwọ́ tọ etí aṣọ rẹ̀. Aṣọ náà ò ya rárá. Ẹnì kan ló tú ojú ìrán rẹ̀, tó fi òwú ọ̀rá búlúù rẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kó lè dà bí àga gidi, kò sì sí fọ́nrán òwú kan nílẹ̀.

"Ta ló kórìíra rẹ̀?" ó bi onílé tẹ́tẹ́.

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi mọ́ o! Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ àfi òun; nígbà tá a dìde lọ wo bọ́ọ̀lù, ńṣe ló ṣófo. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó sórí àga ẹlòmíì á gba oríire rẹ̀ lọ. Ẹ lọ bi bíríkìlà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún níbí, òun àti Ókùdíẹ̀ ni kòríkòsùn."

Ọsibítù ló ti bá bíríkìlà. Ọkùnrin gìrìpá náà ń fi ṣíbí fún Ókùdíẹ̀ lómi, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo tú àga?"

"Èmi kẹ̀? Bí ọkùnrin yìí bá pàdánù, ara tèmi ló ń ta! Ẹni tó kàn ló mọ̀, ọ̀gá. Ta ló tún mọ bó ṣe ń ṣe wá?"

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù," ó ní, kò sì gbójú kúrò lára aláìsàn náà.

Télọ̀ ni ìyàwó náà. Ó ń tú apá aṣọ kan. Ó ń fi abẹ já òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkan aṣọ, ó sì ń ṣa gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì.

"O kú iṣẹ́, ìyàwó wa. Ṣé ìwọ lò ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ nílé tẹ́tẹ́?"

"Lójoojúmọ́ ni, sà. Ibẹ̀ ni orogún mi wà."

"Tẹ́tẹ́ ni orogún rẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bojú wo inú agolo náà. Láàárín àwọn òwú tín-ín-rín, ó rí òwú ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan tó nípọn bí okùn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi rán aṣọ ọmọ èèyàn. Ó gbé agolo náà dání, ó ní kí obìnrin náà máa bá òun kálọ sí ọsibítù.

Bíríkìlà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun wọlé.

"Olè ì bá gbé tẹlifíṣọ̀n," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Onítẹ́tẹ́ tí inú ń bí ì bá fi ọ̀bẹ ya àga náà yánnayànna. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú u, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á láti ba aṣọ jẹ́, ó sì ṣa òwú rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo yín dìde lọ wo bọ́ọ̀lù, ta ló ń kíyè sí obìnrin tó ń dúró gba abọ́ rẹ̀?" Ó fa òwú búlúù náà jáde.

"Ìwọ?" ni bíríkìlà pariwo. "Kí ló ṣe fún ọ?"

Obìnrin tí kì í pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" tẹ́lẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Lọ́jọ́ tí ọmọ wa kú, o ti ilé tẹ́tẹ́ dé, o jẹun, o sùn. Mo ní bóyá ọkọ mi ò lójú àánú ni. Àfi ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ dé, tí mo rí ọ tó o gbé orí ọkùnrin yìí lé àyà, tó ò ń sunkún, torí pé ó pàdánù! Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. O sunkún títí, o ò rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo jowú débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi. Mo kàn fẹ́ kó ṣubú, kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín, kó má wá mọ́. Mi ò ní kó kú."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ẹkún sọ lẹ́yìn wọn. Obìnrin náà ò yíjú.

"Ẹ bá mi wò ó, sà. Ṣé òun ló ń sunkún?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wẹ̀yìn. Bíríkìlà ti dojú bolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí Ókùdíẹ̀.

"Òun ni."

"Ẹkún tèmi ló ń sun, àbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀?"

 Ọkùnrin tó ti ń rí ìdí ọ̀ràn láti àárọ̀ rọra ṣí ilẹ̀kùn fún un.