Ìwọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Lọ́dún tí Rogatien kọ́kọ́ fojú kan Mosúnmọ́lá, Bàbá Àlàgbé, bàbá Rogatien, ṣì wà láyé, ó ṣì ń gun ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Bíntù elépo, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣì wà láyé. Ajá pupa tó máa ń sùn lábẹ́ ẹ̀rọ Rogatien ṣì wà. Ìlú Ikpinlè kún nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn tó ti lọ láti ìgbà náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ni Rogatien ń darí. Lọ́jọ́ ọjà kan, ọmọbìnrin kan ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wá láti Kpoulou. Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ kú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́rọ, ṣé èmi ni mo pa á?"

"Arẹwà ló rí, ọkàn rẹ̀ ló dúró."

Bíntù pariwo níbi tó jókòó sí: "Rogatien! Ohun tó sọ fún mi lánàá nìyẹn, èmi tí mi ò léyín lókè!"

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ tó jí, kò sì sí ẹni tó bínú nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó gbé agbọ̀n rẹ̀ tó ń lọ, Rogatien ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọ̀nà fi gbé e mì. Ó ti mọ̀ pé òun ti rí ìyàwó.

Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Àárọ̀ ni àlùfáà súre fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di ọ̀sán, Ẹfúnwùmí, ìyá Rogatien, mú ìyàwó tuntun lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn ọ̀pẹ ìdílé wà.

"Ìdí ọ̀pẹ yìí ni mo sin ìwọ́ ọkọ rẹ sí. Ti bàbá rẹ̀ wà ní ìdí ìyẹn." Ó ki igi kékeré kan bọ ilẹ̀. "Àyè ọmọ tìẹ nìyí. Ẹni tí wọn ò sin ìwọ́ rẹ̀ sílé, kò ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e padà sí."

"Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Igi yẹn kò ní dúró lásán pẹ́."

Kò pẹ́ tó fi lóyún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ó bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò dá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ha inú rẹ̀ kó tó dá. Láti ìgbà náà, nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá mọ́.

Àṣìṣe wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ẹfúnwùmí, tó ń ṣọ́ aṣọ tí ìyàwó ń sá sórí okùn, kò rí àkísà nǹkan oṣù fún oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn, ó ta omi tútù sílẹ̀ fún àwọn bàbá wọn. "Ó ti fẹ́ra kù padà! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kó rẹrù o!"

Oṣù kẹfà dé, ikùn pẹlẹbẹ.

"Oyún náà sá sẹ́yìn ni," ni ìyá wí. "Ẹ̀gbọ́n mi gbé irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta."

Ọdún méjì ni gbogbo ilé fi ń retí oyún tó sá sẹ́yìn. Láàárín ọdún méjì náà ni Bàbá Àlàgbé kú. "Ṣé ó ti yọjú?" ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá ni Rogatien gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Kútọnu, sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Nadège. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Nígbà tí wọ́n ha ilé ọmọ yín, ojú ọgbẹ́ méjì kọjú síra wọn, wọ́n jinná mọ́ra. Àpá ló kún inú rẹ̀. Kò sí oyún níbẹ̀, mà. Kò tiẹ̀ sí àyè tí oyún máa dúró sí."

Nígbà tí wọ́n délé, Mosúnmọ́lá gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Rogá mi, ọdún méjì ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo máa ń kọrin fún un bí mo bá ń wẹ̀."

"Ìwọ ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi. Ọmọ kọ́ ni mo gbé wálé."

"Ìwọ ló ń sọ ìyẹn. Ilé ńkọ́?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà la ojú àpá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún lẹ̀ padà. Ìrètí tán lójú Mosúnmọ́lá, ó rù. Ìyá Ẹfúnwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọbìnrin kan ní Tatonnonkon tó ní ìdí, tó ń kí àgbà.

"Ìyá mi," ni Rogatien wí, "bí ẹ bá mú un wọlé, yàrá yín ni yóò máa sùn."

Nígbà tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà Nadège sọ pé ohun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò.

"N kò ní parọ́ fún yín. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sì fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ìwọ́ ọmọ wọn. Irúgbìn ara kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. A óò gbé e sára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, bí èyí tó máa ń bo ojú ògì tó ti tutù, a óò tẹ́ ẹ síbi tí a bá là. Ó lè mú kí ara tuntun hù níbẹ̀. Ó sì lè má ṣe nǹkan kan."

Wọ́n délé, wọ́n sọ fún ìyá. Ìyá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ́ ọmọ ta ni?"

"A kò mọ̀ ọ́n, Ìyá mi."

"Ìwọ́ tí wọn ò sin! Ọmọ tó bá tibẹ̀ jáde, ilé ta ni yóò mọ̀? Ẹ fẹ́ kó àlejò tí kò lórúkọ wọ ìdílé Àlàgbé!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá kò fi jẹ oúnjẹ tí Mosúnmọ́lá sè. Síbẹ̀ wọ́n lọ, dókítà sì tẹ́ awọ náà síbi tó là.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, Mosúnmọ́lá sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé wá sídìí ẹ̀rọ. "Rogá! Mo rí i! Mo rí i!" Àwọn oníbàárà gbé kùmọ̀, wọ́n rò pé ejò ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé nǹkan oṣù ni, Bíntù ní òun kò tíì rí ẹni tó ń jó nítorí ìyẹn rí. Òun náà sì dìde, ó bá a jó.

Oyún dé lọ́dún tó tẹ̀lé e, oyún tí gbogbo ojú rí. Ṣùgbọ́n Dókítà Nadège kì wọ́n nílọ̀: "Ilé ọmọ tó ti ní àpá, ibi ọmọ lè ta gbòǹgbò wọ inú rẹ̀, kó kọ̀ láti jáde. Ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ẹ wá jókòó tì wá. Ẹ má dúró de ìrọbí o."

Oṣù kẹjọ wọlé. Ikùn Mosúnmọ́lá ti wúwo. Ìyá Ẹfúnwùmí wọlé tọ̀ ọ́ wá níbi tí Rogatien jókòó tì í, ó kúnlẹ̀.

"Ìyàwó mi, wọ́n gba ìwọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ. Tiwa ni wọ́n máa gbà fún ẹlòmíràn."

"Ìyá mi, wọn kì í gbà á bí ẹ ò bá fún wọn," ni Rogatien wí.

"Ta ló máa rí wọn? Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọdún àwọn bàbá wa tán, ọ̀sẹ̀ méjì péré. N óò bá yín lọ. N óò jókòó ti ẹnu ọ̀nà wọn. Ìwọ́ ọmọ mi kò ní kúrò lójú mi."

"Ẹ dìde, Ìyá wa," ni Mosúnmọ́lá wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, ìyá kò pè é ní ìyàwó mi mọ́ àfi lónìí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Rogá, jẹ́ ká dúró dè wọ́n."

Ẹ̀rù ba Rogatien. Ó rántí ohun tí dókítà sọ. Ṣùgbọ́n ó wo àgbàlagbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ayọ̀ tó wà lójú aya rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ọdún," ló wí. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, láàárọ̀, ó ku ọjọ́ méjì, ẹ̀jẹ̀ bẹ́. Kútọnu jìnnà. Wọ́n wá mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù lọ. Orí Mosúnmọ́lá wà lórí itan Rogatien, aṣọ mẹ́ta ti rin gbingbin. Rogatien ń sunkún. Mosúnmọ́lá la ojú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́rọ," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé èmi ni mo pa á?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀, adé orí mi. Má sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Àwọn dókítà ibẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká. Wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè, obìnrin ni, ó ké. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ ti ta gbòǹgbò sójú àpá, kò jáde, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá.

Agbẹ̀bí di ìwọ́ ọmọ náà sínú aṣọ funfun, ó gbé e fún Ìyá Ẹfúnwùmí. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó na ọwọ́ sí Rogatien, ó na ọwọ́ sí agbẹ̀bí, kò rí ẹni tó máa bá a gbé e.

"Ẹ mú un dání, Ìyá mi," ni Rogatien wí. "Tiyín ni."

Ìyá nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi kékeré náà nírọ̀lẹ́, ó sì sin ìwọ́ síbẹ̀. Ibi ọmọ kò bá ìwọ́ wálé. Inú ìyá ọmọ ló wà, wọ́n sì sin àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ ọjà Ikpinlè ni, ẹ̀gẹ́ kún iwájú ilé, ẹ̀rọ kò ké. Ọjọ́ tí Mosúnmọ́lá kú nìyẹn.