Ẹni Tó Dúró Ṣánṣán Nínú Awò

Gbogbo awò ìràwọ̀ tó wà ní pápá ìpàtẹ lọ́jọ́ náà ló kọjú sí oòrùn, àfi ẹyọ kan. Òkè kékeré tó wà lẹ́yìn pápá ni ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ìkẹyìn kọ ojú awò tirẹ̀ sí. Kóòtù òjò ló wọ̀ nínú ooru yẹn, kò sì làágùn. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn awòràwọ̀: kí wọ́n tó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á ti wo sánmà tán. Wọ́n á máa lálàá ibi tí wọn ò ní dé láéláé.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin onígíláàsì kan wà láàárín èrò tí kò wá wo sánmà ní tirẹ̀. Awò ojú ló ń ṣe tà, òun ló sì kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń wo òṣùpá. Yọjú ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí kò sí fèrèsé tí kì í yọjú níbẹ̀. Níbi ìpàtẹ yìí kan náà ló ti sọnù lọ́dún tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé. Ọlọ́pàá wá a títí, wọ́n tú òkè yẹn bí ẹni ń tú àpò. Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó bi ìyá Yọjú, tó ṣì ń bu oúnjẹ ọmọ náà sílẹ̀ lálaalẹ́.

Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya náà fi padà wá. Wọ́n ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ han àwọn èèyàn. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ń padà sídìí awò wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníkóòtù, kò tiẹ̀ wo fọ́tò. Ó kàn sún sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó, bàbá," ó rọra sọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan sí i. Ó rí òkè, ó rí igi kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀, ó sì rí Yọjú lábẹ́ igi náà, nínú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó sọnù, tó ń juwọ́ sí i. Ó fi ojú lásán wo òkè. Igi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tún padà sídìí awò: ọmọ rẹ̀ rèé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́kún. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó wá wo ọmọ.

Ìyá Yọjú wò ó pẹ́. Obìnrin yìí kì í dá sí ọ̀rọ̀ awò, nítorí náà ó rí ohun tó ti mọ́ ọkọ rẹ̀ lára débi pé kò kà á sí mọ́.

"Bàbá Yọjú," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun lọ, "kí ló dé tí igi fi dorí kodò? Òkè náà dorí kodò. Yọjú nìkan ló dúró ṣánṣán."

Orí onígíláàsì wú. Bí awò ìràwọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: gbogbo ohun tó bá wà láyé ló ń dorí rẹ̀ kodò. Ohun tó bá wá dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, a jẹ́ pé orí ló fi dúró lórí ilẹ̀. Ó di ìyàwó rẹ̀ lápá mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe ọmọ àwọn, ó ní ohun tó bá ń fi orí rìn kì í ṣe èèyàn.

"Kó máa fi orí rìn," ni ìyá dá a lóhùn. "Èmi ni mo bí i."

Ó já apá rẹ̀ gbà, ó gba ọ̀nà òkè lọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sáré tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí òun bá gbé ojú kúrò lára awò, òun á pàdánù àwọn méjèèjì. Ó ń wò ó bó ṣe ń gòkè. Nínú awò, obìnrin náà dorí kodò bíi ti gbogbo èèyàn, ìyẹn sì fi ọkàn ọkùnrin náà balẹ̀ díẹ̀. Obìnrin náà dé abẹ́ igi, ó na ọwọ́, Yọjú sì dì í mú. Wẹ́rẹ́ báyìí, obìnrin náà yí padà. Ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ọkọ rẹ̀ kò tíì rí láti ọdún kan.

Onígíláàsì pariwo pe ìyàwó rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí wo òkè, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì padà sí oòrùn wọn. Nínú awò, Yọjú di ìyá rẹ̀ mú dáadáa. Ó wá na ọwọ́ kejì sí bàbá rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa lọ ni?" oníkóòtù bi í.

Onígíláàsì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.