Ìdáhùn Ọládùnní

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Olúdáìsí kọ́kọ́ rí. Òjò ti sọ gbogbo ọ̀nà Ogui, nílùú èédú ní ìlà-oòrùn, di ẹrẹ̀ pupa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ni ọmọbìnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá láìwọ bàtà. Ó gbé bàtà funfun méjèèjì lọ́wọ́ òsì, ó há Bíbélì mọ́ abíyá, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló pe òjò náà wá. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún 1979 ni, lọ́jọ́ ìdíje Bíbélì.

Olúdáìsí ló ń darí ìdíje náà. Akọ̀wé rélùwéè ni, òun náà ló sì ń kọ́ ìjọ ní Bíbélì. Ó máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnu kan náà ni Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù fi sọ̀rọ̀ Jésù. Ọmọ yìí wù ú lójú ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ kó mọ̀ pé òun gbọ́n.

"Arábìnrin, kí ni Jésù sọ kẹ́yìn lórí àgbélébùú?"

"Ó ní òun fi ẹ̀mí òun lé Baba lọ́wọ́."

Ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ Olúdáìsí ni pé Jésù ní ó ti parí. Ó lu agogo tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó kùnà. "Rárá o! Bàtà tí ẹ gbé dání ni ò jẹ́ kí ẹ ráyè gbé Bíbélì dání dáadáa."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọládùnní, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́, jókòó, ó sì rọra ki ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ bọ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí Olúdáìsí délé, ó ṣí Lúùkù. Ìdáhùn ọmọ náà rèé gbangba! Ọ̀dọ̀ Jòhánù nìkan ni tìwé ọwọ́ rẹ̀ wà. Mátíù àti Máàkù ní tiwọn ní Ó bi Ọlọ́run léèrè ìdí tó fi kọ òun sílẹ̀, Ó sì ké kó tó kú. Ojú ti Olúdáìsí débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá a lọ sí ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní New Haven.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ gbà á."

"Mo mọ̀, Búrọ̀dá Dáìsí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ni agogo."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù méje ni wọ́n fi ń rìn lọ sọ́jà Gariki ní Sátidé, tí wọ́n ń jẹ ọ̀kpa gbígbóná tó dà bíi mọ́ínmọ́ín nínú ewé, tí ó ń pè é ní Dúnní mi. Ṣùgbọ́n bí Olúdáìsí bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Ó ti fọ́nnu jù láti jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pe Ọládùnní ní Sístà Bàtà, kò sì dáhùn ìbéèrè kankan níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, Olúdáìsí lọ bá bàbá Ọládùnní, Alàgbà Alfred, tó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ èédú.

"Bàbá, mo fẹ́ fi Ọládùnní ṣaya."

"Ó ní o ti bẹ òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níbo?"

"Nílé ìwé rẹ̀, sà."

"Gbangba lo ti dójú tì í, kọ̀rọ̀ lo ti bẹ̀ ẹ́. Ṣé kọ̀rọ̀ náà lẹ ó máa gbé?"

Olúdáìsí wojú Ọládùnní tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ràn yín," ó ní, "àmọ́ ìdákẹ́ yín ń dójú tì mí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olúdáìsí dìde níwájú ìjọ. Ó ka Mátíù, ó ka Máàkù, ó ka Lúùkù àti Jòhánù.

"Òótọ́ ni Ọládùnní sọ lọ́jọ́ ìdíje," ó ní. "Ọjọ́ náà gan-an ni mo mọ̀. Mo fi pa mọ́ fún yín, mo sì jẹ́ kí ẹ máa fi í rẹ́rìn-ín."

Bàbá Ìyàndá pariwo láti ẹ̀yìn: "Tíṣà, èwo ló wá kẹ́yìn gan-an?"

"Mi ò mọ̀, sà." Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. "Ẹni mẹ́rin ló sọ fún wa. Èmi ni mo lu agogo pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Olúdáìsí ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ọládùnní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀, ó sì rìn bọ̀ níwájú gbogbo èèyàn láìwọ bàtà.

"Ẹ bá mi gbé e," ó ní, ó nà án sí i, "kí n lè ráyè gbé Bíbélì dání."

Alàgbà Alfred ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ó ní. "Kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ rẹ̀."

Olúdáìsí gba bàtà náà mọ́ àyà. Omijé ń dà lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ, kò sì nù ún.